Bí ẹ ṣe lè mú ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko FUTA ní Àkúrẹ́, kí ojú wọn sì rí ẹranko dáadáa

Ọ̀pọ̀ ọmọ Àkúrẹ́ ló mọ kìnnìún lójú fóònù, wọ́n tilẹ̀ lè bú ramúramù bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí òyà láàyè rí. Òyà tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí wọ́n ti yan gbẹ, tí wọ́n gbé kọ́ lẹ́bàá títì fún àwọn tó ń rìnrìn àjò. Bẹ́ẹ̀ ọgbà ẹranko wà láàárín wa níbí, nínú Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní FUTA, lójú ọ̀nà Iléṣà. T. A. Afolayan Wildlife Park ni orúkọ rẹ̀, wọ́n fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọláyàn, àgbà onímọ̀ nípa ẹranko ìgbẹ́. Láti 1981 ni yunifásítì náà ti wà, ó sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́ àti ìrìn-àjò afẹ́. Ọgbà náà kì í ṣe ibi ìṣeré lásán, ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n kà nínú ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ kí òbí tàbí olùkọ́ fi sọ́kàn kó tó jáde nílé kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má sáré. Ọmọ tó dúró ti àwọn ọ̀bọ fún ogún ìṣẹ́jú yóò mọ ọ̀bọ. Èyí tó sáré kọjá níwájú ogún ẹranko kò ní mọ ìkankan. Àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo wọn dúró lé.

1. Ẹ pe ọgbà kí ẹ tó ṣèlérí fún ọmọ

Ìlérí tí a bá ṣe fún ọmọdé, gbèsè ni. Bí ẹ bá sọ fún un ní Ọjọ́rú pé ẹ ń lọ wo ògòǹgò lọ́jọ́ Sátidé, kò ní jẹ́ kí ẹ gbádùn títí ilẹ̀ Sátidé yóò fi mọ́. Ẹ wádìí ná. Ẹranko inú ọgbà kì í wà bákan náà láti ọdún dé ọdún: òmíràn á bímọ, òmíràn á kú, wọ́n á sì gbé òmíràn lọ sí ibòmíràn. Èyí tí aládùúgbò yín rí lọ́dún tó kọjá lè má sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ béèrè àwọn ẹranko tó wà níbẹ̀ báyìí, iye tí àgbà ń san àti iye tí ọmọdé ń san, bóyá owó kámẹ́rà wà lọ́tọ̀, ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn àti ìgbà tí wọ́n ń tì í. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé: aago mélòó ni wọ́n ń fún àwọn ẹranko lóúnjẹ? Ẹranko tó ti ń sùn látàárọ̀ yóò dìde, yóò rìn, yóò ké, bó bá ti gbọ́ ìró garawa ẹni tó ń bọ́ ọ. Ẹ to ìrìn yín mọ́ àkókò náà.

Ẹ béèrè bákan náà bóyá iléèwé kan ti sọ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà máa ń lé ẹranko wọ ẹ̀yìn àgò, ẹ̀yin tó bá wọn níbẹ̀ kò sì ní rí ju ìrù lọ. Bí àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì bá sì wà nínú ìyanṣẹ́lódì, ẹ rí i dájú pé ọgbà wà ní ṣíṣí kí ẹ tó gbéra.

2. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ

Láàárín aago méjìlá sí aago mẹ́ta ọ̀sán, abẹ́ òjìji ni ẹranko tó bá ní ọgbọ́n wà. Ẹ dé ibẹ̀ bí wọ́n bá ti ń ṣílẹ̀kùn, kí ẹ ti parí kí oòrùn tó gun orí. Wákàtí méjì tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ á máa dùn ún, ojú rẹ̀ kò sì ní sí lára ẹranko mọ́.

Àwọn ẹranko kan wà tó jẹ́ pé òru ni wọ́n ń jẹ̀: ẹtà, òòrẹ̀, ìkookò. Bí ọgbà bá ní wọn, ẹ ṣàlàyé fún ọmọ nílé pé oorun ni yóò bá wọn lójú, gẹ́gẹ́ bí alẹ́ ṣe jẹ́ ìgbà oorun tirẹ̀. Ọmọ tó ti mọ èyí kò ní máa gbá irin láti jí wọn.

Ìgbà ọyẹ́ dára fún ọ̀nì. Ara ọ̀nì kò lè dá ooru ara rẹ̀ ṣe bíi tiwa, oòrùn ló fi ń yá ara, nítorí náà bí òwúrọ̀ bá tutù, ó máa ń gòkè wá síbi tí oòrùn wà, ẹ ó sì rí i láti orí dé ìrù. Ìgbà òjò ní ẹwà tirẹ̀, ewéko á tutù, oòrùn kò sì ní mú púpọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ á máa yọ̀, ẹ̀fọn á sì pọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn bọ̀ máa ń fẹ́ fi Òkè Ìdànrè kún un lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà lára òkè náà. Ọmọ ọdún márùn-ún tó bá gùn ún tán, ẹ̀yìn màmá rẹ̀ ló máa béèrè, kò ní béèrè ìjàpá. Ẹ fi òkè sí ọjọ́ tirẹ̀.

3. Ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn, kó dúró sílé

A máa ń rò pé ẹranko nìkan ló ń kó àìsàn ran ènìyàn. Àwa náà ń kó o ràn wọ́n. Nínú igbó Taï ní Côte d'Ivoire, àwọn ìnàkí kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, wọ́n sì ń kú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé kòkòrò tí ń fa ọ̀fìnkìn àti ikọ́ lára ènìyàn ló pa wọ́n, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 2008. Ìnàkí sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ọmọ yín yóò fi ọjọ́ mẹ́ta fọn dànù fi lè di ikú fún wọn.

Bí imú ọmọ bá ń ṣomi lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ sún un síwájú. Yóò sunkún díẹ̀. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí ẹ sì dá ọjọ́ mìíràn.

4. Ohun tí ẹ ó wọ̀ àti ohun tí ẹ ó dì

Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe sílípáàsì. Ṣòkòtò gígùn àti aṣọ fífúyẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn dára nítorí ẹ̀fọn àti kòkòrò. Ẹ fi ìpara tí ń lé ẹ̀fọn pa ibi tí aṣọ kò bò, kí ẹ sì fi fìlà bo orí. Yẹtí tó ń jò fìrìfìrì, ṣéènì ọrùn, àti ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi sí irun ọmọbìnrin, ẹ bọ́ wọn sílé. Ọwọ́ ọ̀bọ yá ju ojú ènìyàn lọ, ohun tó ń dán ló sì máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ẹ bu omi sínú ike tó ní ìdérí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mi ò gbà kí ẹ gbé pió wọ́tà wọ ibẹ̀, nítorí ọ̀rá rẹ̀ ni. Ọmọ á fà á ya, á mu ún, á jù ú sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gbé e wọ inú àgò. Ògòǹgò kò ní eyín. Òkúta wẹ́wẹ́ ló máa ń gbé mì kó lè bá a lọ oúnjẹ nínú iwe rẹ̀, ó sì lè ṣa ọ̀rá, owó ẹyọ tàbí bọ́tìnì mọ́ ọn. Ọ̀rá tó bá wọ inú rẹ̀ lè dí ìfun. Irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í yá, ó sì máa ń dun ẹranko.

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kékeré kan àti ọṣẹ dání. Ìpara afọwọ́ tí kò nílò omi wúlò, ṣùgbọ́n kò tó ọṣẹ àti omi nígbà tí ìdọ̀tí bá wà lọ́wọ́. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ kan fún ọmọ kékeré, bébà ìnudìí, àti ìwé àjákọ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Mọ́ínmọ́ín, ẹyin sísè tàbí jọ̀lọ́ọ̀fù inú kúlà dára fún oúnjẹ, inú ọkọ̀ ni kó sì wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé pátápátá. Bí ọ̀bọ bá gbóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú báàgì yín, kò ní ṣe nǹkan mìíràn mọ́ ju kó máa nawọ́ sí yín lọ, ohun tí ẹ wá wò kò sì ní ṣeé wò mọ́.

5. Dídé ibẹ̀

Ẹni tó bá ti Ọjà Ọba tàbí Alágbàká wọ takisí, kó sọ pé FUTA ni òun ń lọ. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ẹ béèrè ọ̀nà ọgbà ẹranko lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá, kó ní káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀ṣọ́ lè béèrè rẹ̀. Ẹ má kó ọmọ méjì mẹ́ta sórí ọ̀kadà kan nítorí pé ibẹ̀ kò jìnnà. Àwọn tó ń ti Oǹdó, Ọ̀wọ̀ tàbí Ìkàrẹ́ bọ̀, kí wọ́n tètè gbéra, kí wọ́n sì ti wà lójú ọ̀nà ilé kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́.

6. Òfin mẹ́ta, nílé ni kí ẹ ti sọ ọ́

Bí ẹ bá dúró di ẹnu àgò kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ òfin, etí ọmọ kò ní sí lọ́dọ̀ yín mọ́. Ẹ sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn fúnra wọn tún un kà fún yín:

Ọwọ́ kì í wọ inú irin.
A kì í ju ohunkóhun sí ẹranko, ì báà jẹ́ oúnjẹ, ì báà jẹ́ òkò.
A kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà tó mú wa wá.

Ẹ má ṣe fi ẹranko dẹ́rù bà wọ́n láti fi mú wọn gbọ́ràn. “Màá gbé ẹ fún kìnnìún” kò yẹ kó jáde lẹ́nu òbí lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ìdí òfin fún wọn, ọmọ máa ń pa òfin tó bá yé e mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, kìnnìún kan nínú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pa ọkùnrin tó ti ń tọ́jú rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tó mọ̀ ọ́n láti kékeré ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbọ́ ìtàn yẹn, yóò sì yé e pé àgò kì í sọ ẹranko ìgbẹ́ di ajá ilé.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà. Ní 2016, ọmọ ọdún mẹ́ta kan bọ́ sínú ibi tí gòrílà wà ní ọgbà ẹranko Cincinnati ní Amẹ́ríkà. Wọ́n yìnbọn pa gòrílà náà kí wọ́n tó lè gba ọmọ jáde. Ọmọ yè, ẹranko kú, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló lọ bá wọn nílé wọn. Nítorí náà, ẹ má gbé ọmọ jókòó sórí ògiri tàbí irin ààbò kó lè ríran dáadáa. Ẹ gbé e sí èjìká, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá irin.

Ẹni tó pọn ọmọ, kó rántí pé ọmọ ẹ̀yìn lè nawọ́ gba ẹ̀gbẹ́ tí ìyá kò rí. Bí ẹ bá yíjú padà láti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn yín ló kọjú sí àgò yẹn. Ẹ dúró jìnnà díẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dúró, kí ọmọ lè rí ẹranko, kí ojú yín sì tó o. Fún olùkọ́ tó kó kíláàsì wá, àgbà kan sí ọmọ márùn-ún kò pọ̀ jù. Ẹ so ọmọ ńlá mọ́ ọmọ kékeré, kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú.

7. Níwájú ẹranko

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ náwó àkókò yín sí rèé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀bọ bí ara wọn bá ti yá. Ẹ wá ibi tí ẹ lè jókòó sí, kí ẹ sì dákẹ́ ná. Ọ̀bọ tí ẹ kò bá pariwo sí yóò gbàgbé yín láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọmọ ní ìbéèrè, kí ẹ má dá a lóhùn fúnra yín: Mélòó ni wọ́n? Ta lo rò pé ó jẹ́ àgbà láàárín wọn? Nígbà tí oúnjẹ dé, ta ló kọ́kọ́ mú, ta ló sì yà fún un? Ta ló ń ṣa ara ta? Ṣíṣa ara kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná orí nìkan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bára wọn dọ́rẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń parí ìjà.

Ọ̀rọ̀ eyín ṣe pàtàkì. Bí ọ̀bọ bá ya ẹnu sí ọmọ tí gbogbo eyín rẹ̀ hàn, ọmọ á ní, “Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi!” Ẹ̀rù ló ń bà á tàbí ó ń halẹ̀. Wíwò ó lójú tààrà dà bí ìpèníjà lójú tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jẹ́ àfojúdi fún ọmọ wa láti tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí. Kí ọmọ wò ó, kó gbé ojú kúrò, kó tún wò ó. Ẹ ó rí i pé ọ̀bọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ ìjàpá, ẹnu ọmọ á là fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ nínú àlọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó pa ọ̀kan níbẹ̀, pàápàá èyí tó ṣàlàyé bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí ṣákaṣàka lẹ́yìn tó já bọ́ láti òkè. Lẹ́yìn àlọ́, ẹ sọ èyí tó wà lára rẹ̀ ní tòótọ́: igbá ẹ̀yìn ìjàpá kì í ṣe aṣọ tó lè bọ́ sílẹ̀. Egungun ni, ó so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ okúta lù ú, ó ń dùn ún. Mo ti rí i pé ọmọ tó bá gbọ́ èyí máa ń dúró ṣọ́ ìjàpá lọ́wọ́ àwọn ọmọ mìíràn.

Ọ̀nì ló máa ń dán sùúrù ọmọ wò jù. Ó lè wà lójú kan fún odindi wákàtí, ẹnu rẹ̀ ní yíyà. Àwọn ọmọ a ní ère ni, wọ́n á máa wá òkò láti fi mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ẹ sọ fún wọn pé yíya ẹnu yẹn wà lára bó ṣe ń jẹ́ kí ooru jáde, nítorí kì í làágùn bíi tiwa. Kí wọ́n wo ihò imú rẹ̀ àti ìhà rẹ̀, kí wọ́n ka iye ìgbà tó mí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i tó mí ló gba ẹ̀bùn, ì báà jẹ́ bíṣíkíìtì kan nígbà tí ẹ bá padà sínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá bá ògòǹgò, baba ẹyẹ, nílé, ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀: méjì péré ló wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó lè wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ, ó sì lè sáré tó 70 kìlómítà ní wákàtí kan, takisí kì í lè sáré tó bẹ́ẹ̀ ní títì Ọba Adésídà lọ́jọ́ ọjà. Ẹyin rẹ̀ kan wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ. Iwájú ló máa ń ta ìpá sí, kì í ṣe ẹ̀yìn, nítorí náà kò sí ẹni tó gbọdọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà àgò rẹ̀ nígbà tí olùtọ́jú bá ń wọlé. Pé ó máa ń ki orí bọ yẹ̀pẹ̀ bí ẹ̀rù bá bà á, irọ́ ni. Orí tó ń tẹ̀ sílẹ̀ láti ṣa oúnjẹ tàbí láti yí ẹyin rẹ̀ padà ni wọ́n rí lókèèrè.

Kìnnìún ni gbogbo wọn máa ń béèrè. Níbikíbi tí ẹ bá ti bá a, oorun ni ẹ máa bá a tó ń sùn, nítorí ó lè sinmi fún ogún wákàtí lóòjọ́. Ní Nàìjíríà, ibi tí kìnnìún ṣì kù sí nínú igbó ni Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi àti ọgbà Kainji. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ rò pé ìrìn náà bàjẹ́ nítorí kìnnìún kò sí tàbí pé kò dìde.

Ẹ dúró pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹran ilẹ̀ wa, ẹtu, ìgalà, òyà, bí wọ́n bá wà. Ibẹ̀ ni ọmọ kan yóò ti béèrè pé, “Ṣé a lè jẹ ẹ́?” Ẹ má bá a jà, ẹ má sì rẹ́rìn-ín rẹ̀. Ẹ dá a lóhùn tààrà: bẹ́ẹ̀ ni, àwọn baba ńlá wa jẹ ẹ́, ọdẹ ṣì ń pa á. Nígbà náà igbó pọ̀, ọdẹ kò pọ̀. Lónìí, ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣì ní igbó ọba, Ìdànrè, Olúwa, Àkúrẹ́-Ofosu, ṣùgbọ́n oko kòkó àti ayùn àwọn agégedú ti wọ inú wọn jìnnà. Bí a bá gé igbó tán, kò ní sí ẹtu fún ọdẹ, kò ní sí fún ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè lóye ìyẹn. Ọmọ ọdún méjìlá lè bi yín ní ìbéèrè tí ẹ kò ní rí ìdáhùn sí, ẹ sì jẹ́ kó bi í.

Ẹ má kọjá lára àwọn olùtọ́jú láìkí wọn. “Ẹ kú iṣẹ́ o” tí ọmọ bá fi ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ kí wọn máa ń ṣí ẹnu ìtàn. Àwọn ni wọ́n mọ ẹranko tó ń jowú, èyí tí kò fẹ́ràn ọkùnrin, èyí tí òjò ń bà lẹ́rù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ náà máa ń fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n bá rí ọmọ tó ń fetí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ béèrè fúnra rẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Àwòrán? Ẹ ya díẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù sápò. Ẹ pa iná kámẹ́rà, ó máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ má sì na fóònù mọ́ irin, nítorí bí ọ̀bọ bá já a gbà, kò sí ẹni tó máa bá yín wọlé lọ mú un.

8. Oúnjẹ

Kì í ṣe níwájú àgò. Ẹ jáde síbi tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, kí gbogbo ọwọ́ sì ti di fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ṣáájú, títí kan ti àgbà. Ẹ má gbé oúnjẹ kalẹ̀ láìbò, ẹ má sì da àjẹkù sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tí ibà Lásà ń yọ lẹ́nu jù ní Nàìjíríà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eku ló sì ń gbé e kiri. Ibi tí oúnjẹ ẹranko bá wà, eku kì í jìnnà síbẹ̀.

9. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Bí ẹranko bá ya ọmọ léèékánná tàbí ó bù ú jẹ, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo aago, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gùn ju bí a ṣe rò lọ nígbà tí ọmọ bá ń ké. Ẹ má fi epo pupa, àgbo tàbí ata sí i. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ọgbà, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí dókítà pinnu abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi àti ti ipá. Bí àìsàn dìgbòlugi bá ti fara hàn, kò ṣeé wò mọ́. Kó tó fara hàn ni abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́.

Ejò lè wà nínú koríko, nítorí náà ojú ọ̀nà ni kí ẹ máa tọ̀. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà wà lójú kan, ẹ bọ́ bàtà tàbí òrùka kúrò kó tó wú, kí ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má fi àkókò ṣòfò láti lé ejò.

Kí ọmọ má bàa sọnù, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí bébà kékeré sínú àpò rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ tọ́ka sí òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́ bí ẹ ṣe ń wọlé: “Bí o kò bá rí mi, ọ̀dọ̀ irú ẹni báyìí ni kí o lọ.”

10. Lẹ́yìn tí ẹ bá délé

Ẹ wẹ̀ wọ́n, ẹ fọ aṣọ, ẹ fọ ìsàlẹ̀ bàtà. Bí ibà bá mú ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má kàn fún un lóògùn ibà nílé. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ lọ sí ọgbà ẹranko.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó sùn, ẹ fún wọn ní ìwé àjákọ àti pẹ́ńsù. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ya ẹranko kan ṣoṣo tó wò jù, kó sì kọ ohun mẹ́ta tó rí i tó ń ṣe sábẹ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kì í ṣe ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú fóònù. Èyí tí kò tíì lè kọ ọ́, kó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti bá a kọ. Ìbéèrè tí ẹ kò rí ìdáhùn sí, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé ìkẹyìn, kí ẹ sì gbé ìwé náà dání fún olùtọ́jú nígbà tí ẹ bá tún lọ, bóyá nígbà òjò.